Ìmọ́lẹ̀ Abẹ́ Hìjáàbù

"Wọ́n ní Alfa ti..."

"Ti kí ni?"

"Àbí o ò tíì gbọ́? Zahrah ni. Wọ́n ní òun ni yóò..."

"Dúró ná. Barakah wá ńkọ́?"

"Barakah gan-an ló sọ ọ́! Ó ní ohùn tòun kéré, pé Alfa ní..."

"Àsítàfúrúlàhì! Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fún Alfa ní nǹkan tó fi..."

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Má sọ pé ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ. Àmọ́ ìrẹsì tí bàbá Zahrah gbé lọ síbẹ̀ nígbà ààwẹ̀ yẹn..."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn nìyẹn ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ó ti orí WhatsApp kíláàsì bọ́ sí ẹnu ọ̀nà ilé kéwú, ó sì ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ ní Ọjà Tuntun. Kò sí ẹni tó parí gbólóhùn kan. Wọ́n á fi ìdajì sílẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ á fi tirẹ̀ dí i. Ohun tó sì jẹ́ kí gbogbo wọn gbà á gbọ́ ni pé ọ̀dọ̀ Barakah ló ti jáde. Bí Barakah bá ti ní báyìí ni Alfa wí, kò sí ẹni tó tún ń béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọmọ inú ilé ni Barakah. Kò jókòó sílé ìwé kankan rí. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ ní kíkà àti kíkọ nínú pálọ̀, ìyá tó bí bàbá rẹ̀, tí gbogbo agboolé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló sì kọ́ ọ bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Tí Ìyá Àgbà bá fẹ́ rán an níṣẹ́, kò ní jẹ́ kó kúrò níwájú òun àfi tó bá tún iṣẹ́ náà sọ. "Báwo ni mo ṣe wí i?" ni yóò bi í. Tí Barakah bá fo nǹkan kan, ìyá á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ó kù." Ọmọ náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó ṣe dàgbà nìyẹn. Ilẹ̀ ló máa ń wò, kì í gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọ etí rẹ̀, ó wọlé tán ni.

Nígbà tó di ọ̀dọ́bìnrin, wọ́n fi í sí kíláàsì Alfa Abdulsobur, níbi tí àwọn ọmọbìnrin tó ti dàgbà ti ń kéwú lẹ́yìn ìrun Aláàsárì ní ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú. Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ilé Alfa ni wọ́n ti ń ṣe é. Ògiri ilé kejì ti dí ojú fèrèsé ibẹ̀, tí oòrùn bá tilẹ̀ ń ràn níta, ńṣe ni inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà máa ń ṣú dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ á jókòó sórí ẹní, Alfa á jókòó sórí awọ àgbò rẹ̀ níwájú, á máa fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ̀rọ̀. Tó bá sì kọ́ wọn tán, kò ní gbàdúrà ìtúká àfi tó bá na ọwọ́ sí ẹnì kan.

"Dá a padà."

Ẹni tí ọwọ́ náà bá kàn, á dìde, á dá ohun tí Alfa sọ padà bó ṣe sọ ọ́, láì fi tirẹ̀ kún un, láì yọ níbẹ̀. Ìdápadà ni wọ́n ń pè é. Bí Alfa tirẹ̀ náà ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Láyé ìgbà tí kò tíì sí fóònù, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe pọ̀. Ní báyìí, tí Alfa bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, fóònù á ti wọ abẹ́ hìjáàbù, orí á tẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá ń wò láti òkèèrè á rò pé wọ́n ń ronú nípa Ọlọ́run ni. Wọ́n ní ojú Alfa ti ń ṣe bàìbàì, kò lè rí wọn. Tí ọwọ́ Alfa bá wá bá ọ̀kan nínú wọn, á máa ṣe "ẹ̀n, ẹ̀n, Alfa ní ká máa ṣe dáadáa," ẹ̀rín á sọ.

Barakah nìkan ni kì í ṣe "ẹ̀n". Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń yí i ká tí wọ́n bá jáde.

"Barakah wa, ẹ̀jọ̀ọ́, kí ni Alfa sọ nípa ẹ̀tọ́ aládùúgbò?"

"Barakah, má lọ o, jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀."

Á fi ohùn kékeré yẹn sọ ọ́ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Wákàtí tí ayé rẹ̀ dùn jù nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀. Ó sì ní ohun kan tó ń fẹ́, tí kò wí fún ẹnikẹ́ni. Wòlímọ̀ kíláàsì wọn, ayẹyẹ ìparí kéwú, ń bọ̀ lọ́nà. Lọ́jọ́ wòlímọ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló máa ń dúró níwájú àwọn òbí àti àwọn àgbà Alfa, tí yóò gba máìkì, tí yóò dá wáàsí ọjọ́ náà padà. Ìyá Àgbà ti yọ léèsì kan láti inú àpótí, ó ti sá a sóòrùn. Ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ tajà ní ọjà Ìpàtà nígbà kan pé ti ọmọ òun ni lọ́dún yìí. Tí Barakah bá ń fọ abọ́, omi inú bàsíà ló máa ń dá wáàsí padà fún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Zahrah fi dé.

Yunifásítì ní Malete ni Zahrah wà, ilé ló sì máa ń wá ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọmọ TikTok ni. Ó máa ń ṣe bí ìyá Ìlọrin tó ń nájà, ó máa ń ṣe bí ìyàwó tuntun tí ìyá ọkọ ń bá wí, á sì tún kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń fi píìnì mú hìjáàbù tí kò fi ní yọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ kíláàsì Alfa, ńṣe ni ariwo gba inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan.

"Zahrah tiwa rèé!"

"Sisí Ìlọrin! Wallahi, mo tẹ̀lé ẹ!"

Láti ọjọ́ náà, wọn ò yí Barakah ká mọ́. Zahrah ni wọ́n ń yí ká. Tí Alfa bá ń sọ̀rọ̀, Zahrah tó wà lórí fóònù ni wọ́n ń wò, nígbà tí Zahrah ẹlẹ́ran ara jókòó tì wọ́n. Fawziyyah, tó jẹ́ pé òun àti Barakah ló máa ń jọ rìn lọ sílé, ti bẹ̀rẹ̀ sí fi píìnì mú hìjáàbù sí ẹ̀gbẹ́ etí bíi ti Zahrah. Ọmọ náà ò tiẹ̀ béèrè ohun tí Alfa sọ mọ́. Ta ló fẹ́ gbọ́ ọ?

Ohun tó dun Barakah jù ni pé Zahrah kò burú. Ká ní ó burú ni, ìbá rọrùn.

"Ìwọ ni Barakah tó ń dá a padà?" Zahrah bi í lọ́jọ́ kan nígbà tí wọ́n ń wọ bàtà. "Mo gbọ́ ẹ lánàá. Mà ṣàá Allah! Jẹ́ ká gbé ohùn ẹ sórí TikTok mi. A ò ní gbé ojú ẹ sí i tí o ò bá fẹ́."

"Kò pọn dandan," ni Barakah wí, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Ojú ń tì í ni," Fawziyyah gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Barakah, lọ́jọ́ wòlímọ̀, ṣé àwọn àgbà Alfa máa wá gbé etí wọn lé ẹ lẹ́nu ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Zahrah náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Zahrah yẹn ni Barakah gbé délé, tó gbé jẹun, tó gbé sùn.

Lọ́jọ́ kejì ó tọ Salman ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó ní kó fún òun ní fóònù àtijọ́ rẹ̀ tó kàn wà nílẹ̀.

"Kí lo fẹ́ fi í ṣe?"

"Mo fẹ́ máa fi gbọ́ kéwú."

"Kéwú," ni Salman wí, ó ń wò ó. "Ó dáa. Má jẹ́ kí kéwú náà jẹ dátà ẹ tán o."

Ó ṣí TikTok sórí fóònù náà, kò fi orúkọ rẹ̀ sí i, kò fi àwòrán sí i. Orúkọ Zahrah ló kọ́kọ́ wá kiri níbẹ̀. Ó wo fídíò rẹ̀ kan, ó wo òmíràn, ó wò wọ́n títí ojú fi ń ta á. Àṣìṣe ló ń wá. Ṣé irun kò yọ níbẹ̀ yẹn? Ṣé kò pe orúkọ Ọlọ́run níbi tí kò yẹ? Kò rí nǹkan kan. Ó ka ohun tí àwọn èèyàn kọ sábẹ́ rẹ̀: ẹni tó ń gbàdúrà fún un, ẹni tó ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ, ìyá àgbàlagbà kan tó ní òun ń torí rẹ̀ rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn àìsàn. Ìka rẹ̀ ṣèèṣì kan ọkàn pupa tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan dùn mọ́ni. Ó yára yọ ọ́ bí ẹni tó fọwọ́ kan iná, ó sì wo ẹ̀yìn wò, bóyá ẹnì kan rí òun.

Láti ìgbà náà, kò sí ojúmọ́ kan tí kò lọ wo ohun tí Zahrah ṣe. Bí àwọn tó ń tẹ̀lé Zahrah ṣe ń pọ̀ sí i ni òun náà ń pẹ́ sí i nídìí fóònù. Ìyá Àgbà á pè é lẹ́ẹ̀kan, á tún un pè, kó tó dáhùn.

Nígbà tó di Sátidé kan, ó gbé fóònù náà wọ inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alfa. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó jókòó sẹ́yìn Fawziyyah, níbi tí Alfa kò ti ní rí i. Ó ní òun kò ní tan fóònù náà. Ṣùgbọ́n Alfa kò tíì sọ̀rọ̀ jìnnà tí Fawziyyah fi yíjú, tó fi ìgúnpá gún un.

"O ti rí tàárọ̀ yìí?"

Barakah tàn án lábẹ́ hìjáàbù. Fídíò tuntun ni: ọmọ kéwú tí ojú ń tì. Zahrah ló ń ṣe é, ó tẹ orí wọ àyà, ó ń fi ìka họ ẹní, ó ń ṣe ẹnu wúyẹ́wúyẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ rẹ̀. Barakah kò gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ti pa ohùn fóònù. Ṣé èmi nìyí? Ṣé bí mo ṣe ń ṣe nìyí? Ó wo ìka tirẹ̀. Orí ẹní ló wà, ó ń họ ọ́.

Ó tún fídíò náà wò. Alfa ń sọ̀rọ̀ níwájú. Ọ̀rọ̀ wòlímọ̀ ni, Barakah mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún un wò lẹ́ẹ̀kan sí i, kó fi lè dá a lójú. Nígbà náà ni ó gbọ́ "...Zahrah ni..." bí ẹni pé ẹnì kan fi abẹ́rẹ́ gún un. Ó gbójú sókè. Zahrah jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níwájú, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé itan, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí ayaba, ni Barakah wí nínú ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ padà sínú fóònù, sọ́dọ̀ ọmọ tó tẹ orí wọ àyà yẹn. Ohun tó tún gbọ́ ni "...nítorí ohùn rẹ̀ kéré." Lẹ́yìn ìyẹn, Alfa ń sọ̀rọ̀ lọ, ṣùgbọ́n Barakah kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ń bá Zahrah jà nínú ikùn rẹ̀.

Òjò bọ́ lu páànù lójijì, wàà. Alfa gbọ́wọ́ sókè, ó gbàdúrà wàràwàrà. Kò sí ìdápadà lọ́jọ́ náà. Wọ́n sá jáde, wọ́n lọ fún ara wọn mọ́ abẹ́ òrùlé ilé kejì.

"Kí ni Alfa sọ nípa wòlímọ̀?" Fawziyyah béèrè. "Mi ò gbọ́ ọ dáadáa."

"Zahrah ni."

"Zahrah ni kí ni?"

"Zahrah ló pè. Ó ní ohùn tèmi kéré."

Ó mọ̀ pé òun kò gbọ́ ọ tán. Ṣùgbọ́n èyí tó gbọ́ yẹn bá àyè tó ti ń gbá sílẹ̀ dè é láti ọjọ́ pípẹ́, ó sì jókòó síbẹ̀ pẹ́kí. Fawziyyah ti yọ fóònù, ó ti ń tẹ̀ ẹ́.

Nígbà tó délé, Ìyá Àgbà ń ká léèsì kúrò lórí okùn nítorí òjò.

"Alfa ti sọ ẹni tó ń dúró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Kì í ṣe èmi."

Ìyá Àgbà jókòó. "Báwo ló ṣe wí i?"

"Ó ní Zahrah ni. Ó ní ohùn tèmi kéré."

Ìyá Àgbà dúró, ó ń retí.  "Ó kù," ló wí.

"Kò kù, Ìyá."

"Abdulsobur tí mo mọ̀? Láti ìgbà tó ti ń fọ wàláà nílé kéwú ni mo ti mọ̀ ọ́n, kì í sọ ọ̀rọ̀ kékeré. Kí ló sọ ṣáájú rẹ̀? Kí ló sọ tẹ̀lé e?"

"Òjò ń rọ̀, Ìyá."

 Ìyá Àgbà rọra ṣẹ́ léèsì náà po, ó dá a padà sínú àpótí.

Bí ọ̀sẹ̀ náà ṣe ń lọ ni ọ̀rọ̀ náà ń sanra. Barakah ń kà á lórí WhatsApp kíláàsì. Ìrẹsì ti wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìrẹsì tí gbogbo ilé ń gbé fún Alfa nígbà ààwẹ̀ ni, ilé Barakah náà gbé e. Ó yẹ kó sọ ọ́. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Nǹkan kan ń dùn mọ́ ọn níbẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń họ ojú egbò. Zahrah kò fi fídíò kankan síta láti Sátidé yẹn, wọ́n ní ó ti ga ju àwọn lọ, wọ́n ní ó ti ń múra wòlímọ̀. Àwọn kan ní àwọn ò tẹ̀lé e mọ́. Barakah ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Jímọ̀, ọ̀rẹ́ Ìyá Àgbà kan wá láti Ìpàtà wá kí wọn kú ará fẹ́ra kù. "Ayé ti bàjẹ́," ni obìnrin náà wí. "Alfa náà wá ń gba ẹ̀gúnjẹ!" Barakah ń gbé omi bọ̀, ó gbé e kalẹ̀, ó yí padà kíá. Ìyá Àgbà ń wò ó.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Alfa kún. Zahrah wọlé, ó kí wọn ní sálámà. Àwọn díẹ̀ ló dáhùn, tìkọ̀tìkọ̀ sì ni. Kò sí ẹni tó sún fún un. Ẹ̀gbẹ́ Barakah nìkan ló ṣófo, ó sì wá jókòó síbẹ̀.

"Barakah, ṣé mo ṣẹ̀ wọ́n ni?"

"Mi ò mọ̀."

"Fawziyyah ò dá mi lóhùn lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé nítorí mi ò dá wọn lóhùn lórí WhatsApp ni? Fóònù mi já bọ́ ní gáréèjì Malete nígbà tí mò ń bọ̀ ní Sátidé yẹn, ojú ẹ̀ fọ́ yángá. Ó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tún un ṣe ní Ọjà Tuntun. Wallahi, ọwọ́ mi kàn ń wá a kiri ni. Mo ní àfi kí n kúkú máa gbọ́ Alfa." Ó rẹ́rìn-ín.

Barakah rántí ọwọ́ méjèèjì tó wà lórí itan, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Alfa kò ṣí ìwé. "Wọ́n ní mo gba ìrẹsì kí n tó mú ẹni tí yóò dúró," ló wí. "Ibi tí ìyàwó mi ti lọ ra wàrà ni wọ́n ti sọ ọ́ lójú rẹ̀. Mi ò bínú. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ òjò. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó dá a padà."

Olúkúlùkù ń wo orí ẹní.

"Alfa," ni Fawziyyah wí, "Barakah ló sọ fún wa."

Gbogbo orí yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú Alfa rọ̀, bí ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Ó dáa. Barakah, ọmọ mi, dìde. Dá a padà."

Ó dìde. "Alfa ní... Zahrah ni. Alfa ní..."

"Kí ni mo sọ ṣáájú ìyẹn?"

Ó wá a. Ibi tí ọ̀rọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀, fídíò ló wà níbẹ̀.  Nígbà náà ni fóònù tó há sí ìgbànú rẹ̀ mì, ó sì tàn. Ìmọ́lẹ̀ gba ọrùn hìjáàbù jáde, ó mọ́ sí àgbọ̀n rẹ̀. Alfa wò ó pẹ́.  Ó gbójú kúrò.

"Jókòó, ọmọ mi. Ta ló gbọ́ ọ?"

Zahrah nawọ́. "Alfa, èmi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò rò pé èmi ló yẹ kó sọ ọ́."

"Dá a padà. Má fi tìrẹ kún un, má yọ níbẹ̀."

Zahrah dìde. Kò lo ohùn TikTok rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́:

"Alfa ní: 'Tí mo bá ń wá ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè, Zahrah ni. Tí mo bá ń wá ẹni tí ojú kì í tì níwájú èrò, òun náà ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ etí ni ìdápadà, kì í ṣe iṣẹ́ ohùn. Barakah ni yóò dúró lọ́jọ́ wòlímọ̀. Kí Zahrah jókòó tì í, kó máa gbé máìkì sún mọ́ ọn lẹ́nu, nítorí ohùn rẹ̀ kéré. Ẹ rò pé mi ò rí yín. Ibí yìí ṣókùnkùn. Tí ẹ bá tan kiní yẹn lábẹ́ hìjáàbù, àgbọ̀n yín ló máa ń mọ́ sí. Mo ti rí ìmọ́lẹ̀ yẹn lójú gbogbo yín. Ojú Barakah nìkan ni mi ò tíì rí i rí.'"